Ìgè àti Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀gá Rẹ̀ Kò Sọ

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ó bá gbé nǹkan ka iná, kí ó sáré lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ bọ́jú. Èmi Ọdẹ́tókun, ọmọ Ọdẹ́jọbí, tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ igbó mẹ́rìndínlógún, tí mo pa ẹfọ̀n méje, tí èmi àti àmọ̀tẹ́kùn wo ojú ara wa títí tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ yíjú, n kì í sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ yín o. Ojú mi ló ti ń ṣú, etí mi ṣì mú.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ìgè ni, ọkùnrin tí ó kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ bàbá mi ní ìlú wa yìí, Òkè-Awó. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé ẹ rántí ọkùnrin gíga yẹn tí èjìká rẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀ ju ti òsì lọ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀? Òun ni. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú jáde nínú ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìgè, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí di òní pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ wọ ayé lè dúró sójú kan tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí fún mi, díẹ̀ díẹ̀, láàárín ọdún púpọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ láyé ìgbà náà. Ọmọ iṣẹ́ kò ní ẹran. Ohunkóhun tí ó bá yìnbọn pa, ti ọ̀gá ni, ìbáà ṣe erin, ìbáà ṣe èkúté. Kò gbọdọ̀ mú egungun kan lọ sí ilé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí di ọjọ́ tí ọ̀gá bá rí i pé ó tó, tí ó pe gbogbo ọdẹ jọ, tí ó gbé ìbọn kọ́ ọ léjìká níṣojú wọn, tí ó sì sọ pé, “Lọ dẹ tìrẹ.” Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn mìíràn lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìgè ti lo ọdún méjìlélógún nílé wa, kò sì tíì gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, mú un wá, mo wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Ìgè. Opó ni obìnrin náà, Ìgè nìkan ni ó sì bí. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, “Ọmọ mi rèé. Láti òní lọ, n kò ní fi ẹran kan ẹnu mọ́, ó di ọjọ́ tí Ìgè bá pa tirẹ̀ wá fún mi.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní pẹ́. Háà, obìnrin náà di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú! Wọ́n gbé ẹran ọdún fún un, ó ní òun ò jẹ. Wọ́n gbé ẹran ìyàwó fún un, ó fi fún aládùúgbò. Ilá àti ẹ̀fọ́ ni, ẹ̀fọ́ àti ilá ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni eyín rẹ̀ ń yọ, títí ó fi ku méjì péré lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọn kò tilẹ̀ dojú kọ ara wọn.

“Ìgè,” ìyá rẹ̀ a máa béèrè ní ìrọ̀lẹ́, “ṣé ọ̀gá rẹ ti sọ̀rọ̀?”

“Wọn ò tíì sọ ọ́, Ìyá.”

“Ṣé o béèrè?”

Ìgè á wo ilẹ̀. “Ìyá, ta ló ń béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá?”

“Ó dáa. Eyín mi ṣì wà.”

Ẹ má yára bínú sí bàbá mi o. Bàbá mi ni. Ìgè ni ó mọ ìbọn yìn jù nílé wa, ilé wa sì kún fún ẹran. Bí àwọn ọdẹ bá béèrè ìgbà tí yóò tú u sílẹ̀, bàbá mi á ní, “Ẹ jẹ́ kí iṣu tuntun jáde.” Iṣu tuntun á jáde. “Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá.” Ọyẹ́ á kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ń jẹ àgbàdo sísun lábẹ́ igi ọ̀sàn, ó na ọwọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ mú omi, ó sì ṣubú. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kú.

Ìgè sunkún ju àwa ọmọ lọ. Èmi rò pé ìfẹ́ ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí a ń bo ilẹ̀ mọ́ bàbá mi, ẹnu rẹ̀ nìkan ni òun ń wò, títí tí iyẹ̀pẹ̀ fi bò ó. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ni wọ́n ń rọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọdẹ pàdé. Ìgè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Olúọdẹ, ó ní, “Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?” Olúọdẹ wo ojú mi, ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú kúrò. Èmi ń wo igi kan. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, “Ìgè, ọ̀gá rẹ ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ wọlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ lẹ́nu bàbá tó bí mi pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ìdákẹ́, Ìlú Ọ̀rọ̀-Àìsọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fẹ́ sọ tí kò sọ, ibẹ̀ ni ó ń lọ gbé. Bí o bá lè rí tìrẹ mú wá kí a gbọ́ ọ, a ó gbé ìbọn kọ́ ọ léjìká.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ìgè ṣe múra ìrìn. Kò ní ìbọn tirẹ̀, nítorí náà ó wá bá mi pé kí n yá òun ní ti bàbá mi. Mo yá a. Mo tún rán an létí pé ohun tí ó bá fi pa lọ́nà, ilé wa ló ni ín. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ohun tí àṣà wí ni mo sọ.

Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀ kan, ó fi kan èkejì, ó ní, “Má pẹ́ o.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Igbó Ìdákẹ́ kò ní ẹyẹ, kò ní kòkòrò tó ń dún. Bí o bá wúkọ́ níbẹ̀, àwọn igi á yí orí wò ọ́. Èso ni Ìgè ń jẹ. Ẹran tí ó bá rí lẹ́bàá igbó náà kì í yìn ín, nítorí pé ó ní òun kò lè gbé ẹran Ọdẹ́tókun lé èjìká rìn gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni iwin kan ti dìde sí i, Alẹ́nulórúnkún ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ dán, kò sí ẹnu níbẹ̀ rárá. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ẹnu wà: ti ọ̀tún ń pariwo, ti òsì ń tọrọ gáfárà.

“Ta ló rán ọ wá?” orúnkún ọ̀tún ké mọ́ ọn.

“Jọ̀ọ́, má bínú sí wa, ta ló rán ọ?” orúnkún òsì wí.

“Kò sẹ́ni tó rán mi,” Ìgè dáhùn.

“Kò sẹ́ni tó rán ọ, o wá wọ igbó mi! Gba ẹrù yìí rù! Má sọ ọ́ kalẹ̀ àfi tí mo bá ní kí o sọ ọ́!”

Iwin náà fa ìtì igi ńlá kan tu, ó gbé e lé Ìgè lórí. Ó wá na ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sùn, orúnkún méjèèjì ń hanrun. Ìgè sì dúró.

Ó dúró títí ilẹ̀ fi gbẹ. Ó dúró títí òjò fi dé. Òjò ọdún kan rọ̀ tán lé e lórí, òjò ọdún kejì tún bá a níbẹ̀. Olú hù lára ìtì igi náà, omi olú ń ro sí i lójú. Ọrùn rẹ̀ ń dùn ún, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń bẹ iwin tí ó sùn pé kí ó ṣàánú òun. Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní, “Ìgè, iwin ti sùn, kí ló dé tí o kò sọ igi kalẹ̀ kí o máa bá tìẹ lọ?” Ó wò mí, ó ní, “Kò tíì ní kí n sọ ọ́.” Ìgbà tí ó wí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ikán ni ó gbà á sílẹ̀. Ikán jẹ ìtì igi náà díẹ̀ díẹ̀ títí ó fi di ìyẹ̀fun, tí ó dà sí Ìgè lórí àti èjìká. Iwin jí, ó la ojú. “Họ́wù,” orúnkún ọ̀tún wí, “ṣé o ṣì wà níbí? Mo ti gbàgbé rẹ.” Òsì kò rí nǹkan kan sọ. Ìgè kọjá lọ, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun.

Lẹ́yìn igbó náà ni ó dé Ìlú Ẹ-Kọ́kọ́-Bù. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ìlú ni ó jókòó yí abọ́ oúnjẹ ká ní ìta gbangba, iyán nìyí, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nìyí, omi ìfọwọ́ nìyí, egungun ìhà wọn sì ṣeé kà. Ìgè kí wọn.

“Káàbọ̀, àlejò,” wọ́n wí. “Jókòó, a fẹ́ jẹun.”

“Ìgbà wo lẹ ti jókòó?”

“Láti àárọ̀.”

“Àárọ̀ òní?”

Ohun tí ó ń ṣe wọ́n ni pé àgbà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu òkèlè ní ìlú wọn gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbà níbẹ̀ pé òun ni àgbà. Eléyìí á ní, “Ẹ kọ́kọ́ bù, bàbá.” Èkejì á ní, “Àgbẹdọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bù.” Iyán á le, wọn á dà á nù, wọn á gún òmíràn. Nígbà tí wọ́n rí Ìgè, inú wọn dùn púpọ̀. Wọ́n ní àlejò kò mọ àgbà, kò mọ èwe, kí ó bá àwọn bù ú.

“Háà, ẹ̀yin bàbá mi,” Ìgè wí, “èmi tí ọ̀gá mi kò tíì tú sílẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́kọ́ bù níwájú yín?”

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Ìgè bá wọn jókòó. Ọjọ́ méje ni ó fi bá wọn jókòó, inú rẹ̀ ń kùn, òórùn ọbẹ̀ ń lọ sí i nímú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ méjèèjì. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. “Mo rò pé ìwọ ni,” ìyá náà ń wí. “Nígbà tí mo rí ọ lókèèrè, mo rò pé ìwọ ni yóò bá wa bù ú.” Ìtìjú bá Ìgè gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí itan.

Ní ọjọ́ kẹjọ, adìyẹ kan já okùn, ó gun orí abọ́, ó ṣá iyán jẹ. Ni wọ́n bá hó yèè. “Adìyẹ ti bù! Adìyẹ ti bù!” Gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ abọ́, Ìgè náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá arúgbó yẹn fi ẹnu tó kún fún iyán sọ fún un pé, “Ọmọ mi, tí adìyẹ kò bá wá ńkọ́?” Ìgè nu ọwọ́ rẹ̀. Ó kúrò ní ìlú náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ó rìn títí ó fi kan bodè Ìlú Ọ̀rọ̀-Àìsọ. Oníbodè ibẹ̀ ní etí méje àti ẹnu kékeré kan, kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láì dáhùn àlọ́ tí òun bá pa. Ó ní, “Ohun kan wà tí ọba kò lè bá mi ṣe, tí ìyá mi kò lè bá mi ṣe, tí n kò sì lè sún di ọ̀la. Kí ni?”

Kí oníbodè tó dákẹ́ ni Ìgè ti mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bóyá òun ṣì í. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe... Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ jù.”

“Mo ń gbọ́ ọ nínú ọ̀fun rẹ,” oníbodè wí. “Jẹ́ kó jáde.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Ìgè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “Mímí ni. Àbí kì í ṣe òun?” Oníbodè mi orí. “Òun ni. Wọlé. Irú yín ló kún ìlú wa.”

Kàyééfì! Àwọn ọ̀rọ̀ ni ó jókòó níwájú ilé bí àwọn àgbàlagbà tí ń yáàrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ohùn ẹni tí ó ni ín ni ó sì fi ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń sọ ju ara wọn lọ. Ọ̀kan ń wí pé, “Abẹ́ ìdí ògiri ni mo rì í sí.” Ọ̀kan ń wí pé, “Èmi ò fẹ́ ọkọ tí ẹ fún mi yìí.” Òmíràn di ojú, ó ń wí pé, “Ọmọ mi, mo gbọ́ ìgbà tí o pè mí.” Ìgè ń rìn láàárín wọn, ó ń wá ohùn bàbá mi.

Ó rí agbo ilé Ọdẹ́jọbí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó jókòó níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń wí pé, “Ìyá Ọdẹ́tókun, o ṣé o.” Ogójì ọdún ni bàbá mi fi jẹ oúnjẹ ìyá mi, a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Èkejì ń wí pé, “Ọdẹ́tókun, ọwọ́ rẹ kò gba ìbọn, lọ ṣàgbẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ rẹ́rìn-ín, mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta na ọwọ́, ó ń wí pé, “Ẹ bá mi bu omi.” Ó tán.

“Ìkẹrin dà?” Ìgè bi oníbodè, tí ó ti tẹ̀lé e wọlé. “Tèmi dà? Ó yẹ kí ó máa wí pé, ‘Ìgè, lọ dẹ tìrẹ.’”

Oníbodè wò ó tàánú-tàánú. “Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú ènìyàn tí kò sọ ni ó ń wá síbí. Ìyẹn kò sí nínú ọ̀gá rẹ.”

“Bóyá ó ṣì wà lọ́nà.”

“Kò sí nínú rẹ̀ rí, Ìgè.”

Ìgè jókòó sórí ilẹ̀. Ọdún méjìlélógún, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ náà wà létí ètè ọ̀gá òun, pé iṣu tuntun ni ó dá a dúró, pé ọyẹ́ ni! Ó ní òun ń wo ọwọ́ òun bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ òun lára. Kò mọ ibi tí yóò lọ. Kò mọ ẹni tí yóò bi. Ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní dìde níbẹ̀ mọ́, pé kí ìyá òun má retí òun.

Nígbà náà ni ẹnìkan fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ó yíjú, ó rí bàbá arúgbó kan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó rù kan eegun. Arúgbó náà la ẹnu, ohùn Ìgè gan-an ni ó sì jáde níbẹ̀: “Ọ̀gá, ó tó. Mo fẹ́ lọ dẹ tèmi.”

“Tìẹ nìyẹn,” oníbodè wí. “Ọdún kẹta tí o wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ni ó dé síbí. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ó ń sáré kiri, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi bóyá ìwọ ni.”

Lẹ́yìn arúgbó náà ni àwọn kan tún dúró sí, tí ara wọn ṣì tutù. Ọ̀kan ń wí pé, “N ò ru igi yìí mọ́.” Ọ̀kan ń wí pé, “Ẹ jẹ́ kí n bù ú.” Èyí tó kéré jù ń wí pé, “Mímí ni,” láìsí bóyá, láìsí àbí. Ìgè bo ojú rẹ̀.

“Ṣé mo lè mú arúgbó yìí lọ?” ó béèrè.

“Ẹni tó ṣì wà láàyè lè mú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè rìn mọ́. Ìwọ ni yóò pọ̀n ọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ìgè ṣe pọn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, tí ó kọrí sílé. Nígbà tí ó tún dé Ìlú Ẹ-Kọ́kọ́-Bù, wọ́n tún ti jókòó yí abọ́ ká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọ ọwọ́, ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́, gbogbo ìlú sì hó, wọ́n jẹun. Ó wá ìyá arúgbó ọjọ́sí, kò rí i. Wọ́n ní ebi ti pa á kú ní oṣù tó kọjá. Ìgè ní òkèlè náà há òun lọ́fun, kò sì tíì lọ tán títí di ọjọ́ tí ó ń sọ ọ́ fún mi.

Ó gba orí iwin kọjá, iwin ń sùn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé odò wa, ẹtu kan jáde, ó dúró, ó ń wò ó. Ìgè gbé ìbọn sókè. Ó rántí pé ìbọn kì í ṣe tòun. Ó rántí ohun tí mo sọ. Arúgbó ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbọ́ mọ́. Ìgè bá a sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sókè, sí igbó, sí odò, sí ẹtu náà pàápàá: “Ọ̀gá, ó tó! Mo ń dẹ tèmi!” Ó yìn ín. Nígbà tí èéfín túká, ẹtu wà nílẹ̀, ẹ̀yìn Ìgè sì fúyẹ́. Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣà tí mo sọ fún yín, n kò sọ ọ́ tán. Bí ọ̀gá bá kú, àrólé rẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ náà dípò rẹ̀. Èmi ni àrólé. Olúọdẹ mọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi wò mí. Ìgè náà mọ̀, kò béèrè. Ọdún mẹ́rin gbáko tí ó fi lọ, ìyá rẹ̀ ń wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Á ní, “Ọdẹ́tókun, ọmọ mi, bá mi sọ ọ́. Sọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e dé ibi tó wà.” Èmi á ní mo ń rò ó. N kò ro nǹkan kan. Bí mo bá tú Ìgè sílẹ̀, ta ni yóò máa pa ẹran fún ilé wa?

Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo rí i tí ó ń bọ̀, ẹtu léjìká, eruku ikán ṣì wà nínú irun rẹ̀. Mo dìde. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo la ẹnu, mo ní, “Ìgè, lọ dẹ ti...”

“Mo ti lọ,” ó wí. “Mo ti dé.” Ó gbé ìbọn bàbá mi lé ilẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Ìbọn yín rèé, ẹ ṣé,” ó sì kọjá lọ sílé ìyá rẹ̀. Mo tẹ̀lé e. N kò mọ ohun tí ó mú mi tẹ̀lé e.

Kò sí eyín kankan lẹ́nu Àwẹ̀ró mọ́. Ìgè kun ẹran, ó sè é, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ó fi eyín tirẹ̀ jẹ ẹran náà kúnná, ó sì fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, bí ìyá náà ti ṣe fún un nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́. Obìnrin náà fi erìgì pa á lẹ́nu, ó pẹ́, ó pẹ́. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

“Iyọ̀ rẹ̀ kò tó,” ó wí.

Ìgè bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀, ó ní, “Ìgè, ṣé inú rẹ dùn?” Ó ní, “Inú mi dùn, Ìyá.” Ó dùn lóòótọ́, gbogbo wa rí i. Láti ọjọ́ náà, ìbọn ara rẹ̀ ni ó fi ń dẹ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ ẹran fún ọdún mẹ́ta kí ó tó lọ, àwa sì kọ́ bí a ti ń jẹ ilá àti ẹ̀fọ́ nílé wa.

Ẹfọ̀n méje tí mo ní mo pa, ẹ yọ mẹ́fà níbẹ̀. Ọwọ́ Ìgè ni. Àmọ̀tẹ́kùn tí mo ní mo wò lójú, ẹ̀yìn Ìgè ni mo wà. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń sọ ìrìn yìí fún mi, bó bá ti dé ibi ìlú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, á dákẹ́, á máa wò mí. Mo mọ ohun tí ó ń retí. Èmi á ní, “Báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí?” Ó tún ń bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ó kú nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, n kò sì sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ báyìí, mo mọ̀. Ó jókòó ní agbo ilé Ọdẹ́jọbí, ohùn mi ni ó fi ń wí pé, “Ìgè, jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi kọjá odò mọ́ débi tí n ó fi lọ pọ̀n ọ́n wálé, bí mo bá sì pọ̀n ọ́n dé, ta ni n ó sọ ọ́ fún?

Ó tó. Ẹ dìde. Mo ti ní kí ẹni tó gbé nǹkan ka iná lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣì wà láàyè, kí ó má bá mi jókòó níbí mọ́. Ẹ máa lọ.